Bàbá Onípákó ní Ilé Géèmù

Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹjọ ọdún 2003, bàbá kan tó ga gogoro tẹ orí ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà ilé géèmù tó wà lẹ́bàá ọjà Ìkọ̀lé wọlé. Ìyẹ̀fun igi kún ara ṣòkòtò rẹ̀, ó tún wà nínú irun etí rẹ̀. Àwọn tó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n bojú wẹ̀yìn, àyà wọn sì já, torí pé bí bàbá tó dàgbà tó báyìí bá wọ ilé géèmù, ọmọ kan ló fẹ́ fà létí jáde. Àkẹ́kọ̀ọ́ méjì ti ń wá ibi tí wọn yóò gbà sá.

"Ẹ kú uṣẹ́ o," bàbá náà wí.

Ọmọbìnrin tó ń bójú tó ibẹ̀ gbé ojú sókè nídìí tábìlì. Bímpé lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún. Ó dìde, ó kúnlẹ̀, bó ti máa ń kúnlẹ̀ fún àgbàlagbà yòówù tó bá wọlé.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Kí lẹ fẹ́?"

"Sà" yẹn dun bàbá náà wọnú eegun. Ọmọ tó bí ni Bímpé, àkọ́bí rẹ̀ sì ni. Ó ti lé lọ́dún méjì tí ó ti pè é ní "Bàbá" gbẹ̀yìn.

Isaac Ọláìtán ni wọ́n ń pe bàbá yìí. Láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ogún ọdún ló ti ń la pákó ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu. Ayùn ẹ̀rọ ti gé orí ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ, síbẹ̀ pákó tirẹ̀ ni àwọn tó ń kọ́lé láti Ọyẹ́ títí dé Ayébọ̀dé máa ń béèrè, nítorí kì í ta igi tútù fún ènìyàn kó ní ó ti gbẹ. Ní ìjọ Áńgílíkà ìlú rẹ̀, òun ló ń ka Bíbélì sétí gbogbo ìjọ, ohùn rẹ̀ a sì jí àwọn tó ń tòògbé sílẹ̀. Bí ènìyàn méjì bá ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu, wọ́n á ní kí wọ́n lọ bi Ọláìtán, torí Ọláìtán kì í purọ́.

Ó pa irọ́ kan ṣoṣo, irọ́ náà sì tóbi. Ní ọdún 1998, Bímpé ṣe ìdánwò àtiwọ yunifásítì. Ó yege, yunifásítì kan lókè Ọya sì fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé kó máa bọ̀. Aládùúgbò kan tó lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ló bá wọn gba lẹ́tà náà, tó gbé e fún Ọláìtán nídìí iṣẹ́. Ọláìtán kà á. Òkè Ọya yìí kan náà ni àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo lọ kàwé ní 1974. Ọkọ̀ tó ń gbé e bọ̀ nísinmi Kérésì ló dànù lọ́nà. Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé wálé, Ọláìtán fúnra rẹ̀ ló sì la pákó tí wọ́n fi kan pósí rẹ̀.

Ó ká lẹ́tà náà sí mẹ́rin, ó tì í sísàlẹ̀ àpótí irinṣẹ́ rẹ̀.

Bímpé dúró de lẹ́tà fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí kò rí nǹkan, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú, ó ní òun ti fìdí rẹmi. Bàbá rẹ̀ ra bàtà tuntun fún un láti fi tù ú nínú. Ọmọ náà dúpẹ́, ó lọ kọ́ kọ̀ǹpútà ní Ìkọ̀lé, ó sì ń ti ilé lọ, ó ń ti ilé bọ̀, títí di ọjọ́ kan lọ́dún 2001 tó ń wá òòlù tí yóò fi kan ilẹ̀kùn ilé ìdáná tó yẹ̀. Ó ṣí àpótí bàbá rẹ̀. Ó rí orúkọ ara rẹ̀.

"Bàbá, kí lèyí?" Ó na lẹ́tà náà sí i.

Ọláìtán mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ojú tì í, ìtìjú yẹn sì di ìbínú lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé ìwọ lo bí mi ni?" Ohun tó lè sọ kò ju ìyẹn lọ. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Bímpé ti di ẹrù rẹ̀, ó ti gba yàrá sí Ìkọ̀lé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà tún wá burú sí nìyí. Àwọn ará ìlú béèrè ohun tó lé ọmọ jáde nílé bàbá rẹ̀. Ọláìtán mi orí, ó ní, "Àwọn ọmọ ìwòyí ti dàgbà ju bàbá wọn lọ." Kò fi kún un. Àwọn tó gbọ́ ló fi tiwọn kún un: wọ́n ní Bímpé ń tẹ̀ lé ọkùnrin kiri, wọ́n ní ó bú bàbá rẹ̀. Ìdílé kan wá láti Ìlógbò láti wádìí nípa rẹ̀ torí ọmọkùnrin wọn fẹ́ fi ṣaya. Wọ́n gbọ́ ohun tí ìlú ń sọ, wọn kò sì padà wá mọ́. Ọláìtán mọ̀ sí i. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó ka Bíbélì sétí ìjọ bó ṣe máa ń kà á.

Nígbà tó di ọdún 2003, ìjọ fẹ́ fi í jẹ Bàbá Ìjọ nígbà ìkórè. Mobọ́lá ìyàwó rẹ̀, tó mọ òtítọ́ tó sì ti bẹ̀ ẹ́ títí tó fi sú u, wá bá a nídìí oúnjẹ. "Bàbá Bímpé, ẹ gbọ́. Èmi ò ní bá yín wọ aṣọ ọjọ́ náà tí ọmọ mi ò bá sí ńbẹ̀." Ìdí nìyẹn tí ó fi wá sí Ìkọ̀lé lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Ó ti to ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ́nà, ó tò ó dáadáa. Bí Bímpé ṣe wí "sà" báyìí, ọ̀rọ̀ gbogbo fò lọ. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n kan.

"Mo fẹ́ ṣe géèmù," ó wí.

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Bímpé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ṣé wákàtí kan ni?"

"Wákàtí kan dáa."

Ó mú un lọ sídìí tẹlifíṣọ̀n tó wà ní kọ̀rọ̀, ó fi páàdì tí wọ́n fi ń darí géèmù lé e lọ́wọ́, ó sì padà sáyè rẹ̀. Géèmù tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù. Eré gígùn ni, tí ènìyàn máa ń gbé ìgbésí ayé ẹlòmíràn nínú rẹ̀. O máa rìn nínú igbó, o máa bá ẹranko abàmì jà, agbára rẹ máa ń lọ sókè ní ìpele ní ìpele, bó o bá sì pàdé ènìyàn, wọ́n á to ọ̀rọ̀ síwájú rẹ kó o yan èyí tó o fẹ́ sọ. Ọba kan tó ní irùngbọ̀n funfun ni olórí eré náà. Kò sẹ́ni tó lè pe orúkọ rẹ̀ ní Ìkọ̀lé, nítorí náà Onírùngbọ̀n ni wọ́n ń pè é.

Súnkànmí, ọlọ́kadà kan tó máa ń wá síbẹ̀ bí oòrùn bá mú, ló ṣàlàyé rẹ̀ fún un. "Bàbá, ẹ wò ó. Wọ́n sọ fún Onírùngbọ̀n pé bí ọmọbìnrin rẹ̀ bá sọdá odò, yóò kú. Ló bá tì í mọ́ ilé gogoro olókùúta, ó sọ fún ìlú pé ọmọ náà ti kú. Ọmọ wá pẹ́ nínú òkúta títí òun fúnra rẹ̀ ń di òkúta. Bàbá ń wá oògùn tó máa là á."

"Kí ló dé tó fi tì í mọ́lé?"

"Ẹ̀rù ló bà á, Bàbá. Ṣé ẹ ò gbọ́ ni?"

Ọláìtán di páàdì mú, kò tẹ nǹkan kan. Ìkookò jáde nínú igbó, ó pa Onírùngbọ̀n.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tún wá. Ó ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sì sọ ju "Ẹ kú uṣẹ́" àti "Ó dàbọ̀." Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìka tó gé yẹn dà á láàmú, kò kan bọ́tìnì dáadáa, kò sí ẹranko tí kò pa á. Ó wá kọ́ láti máa fi ìka àárín tẹ̀ ẹ́. Kì í kánjú bí àwọn ọ̀dọ́. Á kọ́kọ́ wo ẹranko yíká bó ṣe máa ń wo gẹdú kó tó gbé e sórí ẹ̀rọ, á mọ ibi tó máa là á sí. Gẹ̀ẹ́sì tó bá jáde lójú tẹlifíṣọ̀n, ó máa fi awò sójú, ó máa kà á sókè pẹ̀lú ohùn tó fi ń ka Bíbélì, ó sì máa túmọ̀ rẹ̀. Àwọn tó ti ń ṣe eré náà láti oṣù mẹ́fà kò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí, bọ́tìnì ni wọ́n kàn ń tẹ̀ kí ọ̀rọ̀ lè kọjá lọ. Wọ́n wá ń fi géèmù tiwọn sílẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́. Bímpé náà ń gbọ́ láti ìdí tábìlì. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, láìwò ó lójú, ó gbé omi tútù síwájú rẹ̀.

"Eré yìí ò lópin," Súnkànmí sọ fún un lọ́jọ́ kan. "Bí ẹ bá dé ẹnu ilẹ̀kùn ọmọ náà, wọ́n á ní kí ẹ fi gbogbo agbára tí ẹ ti kó jọ sílẹ̀. Èmi fi oṣù mẹ́rin kó agbára jọ dé mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Mo tẹ 'bẹ́ẹ̀ ni' lẹ́ẹ̀kan. Mo rí i tí agbára mi ń jò lọ, mo fa wáyà jáde lógiri!"

"Tí o bá tẹ 'rárá' ńkọ́?"

"Onírùngbọ̀n á máa jọba rẹ̀ lọ. Ọmọ á máa wà lókùúta."

Nígbà tí oṣù kẹwàá ń parí lọ, agbára Onírùngbọ̀n pé mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún lọ́wọ́ Ọláìtán, ó sì dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ilé géèmù kún. Ohùn ọmọ náà jáde látinú òkúta, ó bi bàbá rẹ̀ pé kí ló dé tí ó fi tì í mọ́lé. Ìdáhùn mẹ́ta hàn. Ọláìtán ka èkíní sókè, ó túmọ̀ rẹ̀: "Nítorí rẹ ni mo ṣe é." Ó tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀kùn kò mira. Ó ka èkejì: "Ọba ni mí, n kò ní jẹ́jọ́ lọ́dọ̀ ọmọ." Kò tẹ ìyẹn rárá. Ó dé ìdí ẹ̀kẹta, ó kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, kò túmọ̀ rẹ̀.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀, Bàbá?" ẹnì kan béèrè.

Ọláìtán gbé páàdì sílẹ̀. Ó yí àga padà títí tó fi kojú sí ìdí tábìlì.

"Ẹ̀rù ló bà mí," ó wí. "Bímpé, ẹ̀rù ló bà mí. Mo ti sin àbúrò mi. Mo rí orúkọ ibẹ̀ lórí ùwé, mo rí pósí. N kò rò ó pé ayé tìrẹ ni mo ń gbé pamọ́. Nígbà tó o wá bi mí, ojú tì mí, mo sì fi ìbínú bò ó. Má bínú sí mi, ọmọ mi. Mo jẹ̀bi."

Súnkànmí yọ fìlà lórí láìmọ̀dí. Bímpé ń wo tábìlì, omijé ń kán sórí ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ ti sọ fún mi," ó wí nígbẹ̀yìn. "Mo gbọ́. Ta ló máa wá sọ fún Ìjẹ̀ṣà-Iṣu?"

Ọláìtán yọ awò lójú. Ó dìde, ó lọ sílé.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi gbé ìbéèrè yẹn rìn. Nídìí ẹ̀rọ, ariwo ayùn kò bò ó mọ́lẹ̀. Ó mọ ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ òun: orúkọ tó ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́, pákó kan lẹ́yìn òmíràn. Bí orúkọ ọmọ rẹ̀ yóò bá dìde nílẹ̀, tirẹ̀ ni yóò lọ dùbúlẹ̀.

Ọjọ́ ìkórè dé. Iṣu kún iwájú pẹpẹ títí kan òrùlé, bí ó ti máa ń rí ní Ìjẹ̀ṣà-Iṣu. Alùfáà Ayọ̀délé mú sáàṣì oyè aláwọ̀ wúrà lọ́wọ́, ó pe Ọláìtán jáde. Ọláìtán jáde. Ṣùgbọ́n kàkà kó kúnlẹ̀, ó kọjú sí ìjọ.

"Ẹ dúró ná," ó wí. "Ọ̀rọ̀ kan ń bẹ nílẹ̀ tí ẹ kò mọ̀. Ní ọdún 1998, wọ́n gba Bímpé ọmọ mi sí yunifásítì. Èmi ni mo gbé lẹ́tà rẹ̀ pamọ́. Mo ń wò ó tó ń sunkún, mo ra bàtà fún un. Nígbà tó rí lẹ́tà náà, mo fi agbára bàbá lé e dànù. Ẹ wá bi mí ohun tó lé e kúrò nílé, mo jẹ́ kí ẹ rò pé ìwà rẹ̀ ni. Ọmọ yìí kò hùwà burúkú kankan. Èmi ni mo hù ú. Ẹ gbé oyè yìí fún ẹlòmíràn. Bíbélì tí mo ń kà fún yín náà, ẹ wá ẹni tó máa kà á."

Ariwo sọ nínú ìjọ. Àwọn kan ń pè é lórúkọ bí ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Obìnrin kan láàárín ẹgbẹ́ akọrin, tó ti sọ ọ̀rọ̀ Bímpé láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, fi ìborùn bo ojú. Alùfáà Ayọ̀délé ká sáàṣì náà, ó gbé e sórí pẹpẹ. Mobọ́lá ló kọ́kọ́ dìde. Ó rìn jáde láàárín àwọn obìnrin, ó dúró ti ọkọ rẹ̀, ó gbé orí sókè.

Ẹnì kan tún dìde lẹ́yìn pátápátá. Súnkànmí ló fi ọ̀kadà gbé e wá láti Ìkọ̀lé láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bímpé rìn la ìjọ já, ìlú ń wò ó. Kò sáré, kò tẹríba. Ó dé iwájú, ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá," ó wí.

Ọláìtán fa ọmọ rẹ̀ dìde, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dì mọ́ ara wọn níbẹ̀, láàárín iṣu. Nígbà tí ìjọ rí ohun tí wọ́n lè ṣe, orin ni wọ́n fi bọ ẹnu. Wọ́n kọ ọ́ débi pé àwọn tó ń kọjá lọ́nà yà wọlé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn obìnrin Ìjẹ̀ṣà-Iṣu tó ti sọ̀rọ̀ Bímpé láìdáa kò mọ bí wọ́n ṣe máa bẹ̀bẹ̀, iṣu ni wọ́n ń gbé wá fún un ní Ìkọ̀lé. Lọ́jọ́ Ẹtì, kò sí ibi tí àwọn oníbàárà lè na ẹsẹ̀ sí mọ́ nínú ilé géèmù. Orí iṣu ni wọ́n jókòó sí.

Orí iṣu náà ni wọ́n jókòó sí lọ́jọ́ Sátidé nígbà tí Ọláìtán padà sídìí tẹlifíṣọ̀n kọ̀rọ̀. Ó yan ìdáhùn kẹta. Ilẹ̀kùn ṣí. Ohùn kan bi í bóyá ó gbà láti fi gbogbo agbára rẹ̀ sílẹ̀. Ó tẹ "bẹ́ẹ̀ ni." Nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀: àádọ́rùn-ún, ọgọ́ta, ogún.

"Bàbá, ẹ pa á! Ẹ fa wáyà!" Súnkànmí di orí mú.

"Jókòó jẹ́ẹ́," Ọláìtán wí.

Nọ́ńbà dúró lórí oókan. Onírùngbọ̀n wólẹ̀, ó di arúgbó tó ń tẹ̀ mọ́ ọ̀pá. Òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í já lára ọmọbìnrin náà, ó na apá, ó rìn jáde sínú oòrùn. Eré kò sì parí! Ohun tí ẹnikẹ́ni ní Ìkọ̀lé kò rí rí ló wá hàn: ọmọbìnrin náà ni ẹni tí wọ́n máa ṣe báyìí. Agbára oókan lòun náà ní, odò sì wà níwájú rẹ̀, ẹranko tó ni odò náà ń jáde bọ̀.

Ọláìtán na páàdì sí Bímpé. "Ìwọ lo ni èyí."

Ẹranko náà pa á lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá rẹ̀ tẹ̀ síwájú, awò rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tẹlifíṣọ̀n. "Mo ti rí i," ó wí. "Ó máa ń mí sínú kó tó bu ènìyàn ṣán. Má kọ́kọ́ gbá a. Dúró dè é." Ní ìkẹrin, ohùn rẹ̀ ń darí ọwọ́ ọmọ rẹ̀: "Dúró… dúró… Ó ti mí! Gbá a! Fò! Tún gbá a!" Bímpé ń fò, ó ń gbá a, òógùn bò ó, gbogbo ilé ń ké "Gbá a!" lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹranko náà bú ramúramù, ó yí ikùn sókè, odò gbé e lọ. Ọmọbìnrin náà sọdá.

Ariwo tó sọ lé alárọ̀bọ̀ méjì wọlé láti ọjà, tí wọ́n ń béèrè ẹni tó bímọ. Bímpé fò lé bàbá rẹ̀ lọ́rùn. Wọ́n gbé bàbá ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta sókè, orí rẹ̀ gbá òrùlé, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Bímpé tún ìdánwò ṣe ní 2004, ó wọ yunifásítì, ó parí, ó sì ṣí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀ sí Ọyẹ́. Ọláìtán kò jẹ Bàbá Ìjọ. Ẹlòmíràn jẹ ẹ́, òun sì ló fi pákó tó dára jù tó ní kan àga oyè fún ẹni náà. Àwọn tó wá kọ́ bí wọ́n ṣe lè parí eré náà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lóǹkà.

Súnkànmí ló gbẹ̀yìn nínú wọn. Nínú oṣù Kejìlá ọdún 2004, òun náà tẹ "bẹ́ẹ̀ ni", kò sì fa wáyà. Ó jókòó síbẹ̀ títí eré fi parí. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ lọ́jọ́ kejì, ó gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ sí Ìdó. Wọn kò tíì gbọ́ ọ rí lẹ́nu rẹ̀ pé ó bí ọmọ síbẹ̀. Lọ́sàn-án, wọ́n gbọ́ fèrè ọ̀kadà tó ń dún lọ, tó ń dún bọ̀ láàárín ìgboro Ìkọ̀lé. Súnkànmí ló ń bọ̀, eruku bò ó, ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́ta kan sì jókòó síwájú rẹ̀ lórí táńkì, tó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ fèrè náà, tí kò sì fẹ́ dákẹ́.